Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Mi àti Sẹ̀tífíkéètì Sẹ̀námì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó o. Ọpẹ́ ni mo gbé wá síwájú yín lónìí, ọpẹ́ lórí bébà kan ṣoṣo tí kò ju ìbú ọwọ́ méjì lọ. Ọlọ́run tó jẹ́ kí n rí òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá yẹn, ìwọ nìkan ni mo mọ̀, ìwọ nìkan ni màá máa sìn. Ẹ gbà mí láyè kí n ka ohun tí mo kọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé mo mọ ara mi. Tí mo bá ní kí n máa fi ẹnu lásán sọ ọ́, ẹkún á gbà á lẹ́nu mi kí n tó dé àárín. Ìwé kẹrin praimárì ni mo ti dúró, Tíṣà Zánnù ló kọ́ mi ní lẹ́tà. Níbi tí mo bá ti ṣì í kọ, ẹ fi orí jì mí.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, èmi ni Ìyá Máutín tó ń yan ẹja ní Àjídò. Láti bíi oṣù mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwọn kan ti ń pè mí ní Ìyá Sẹ̀námì. Mo mọ̀ pé àánú ni wọ́n ń ṣe mí, wọn ò fẹ́ kí n máa gbọ́ orúkọ òkú ọmọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa pè mí ní Ìyá Máutín. Orúkọ mi nìyẹn, mi ò ní òmíràn.

Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Sétónjì lọ, Vìàvò lọ, Húnpè lọ, kékeré ni gbogbo wọn wà. Ó wá ku Máutín àti àbúrò rẹ̀, Sẹ̀námì. Ọdún tí bàbá wọn kú ni Máutín fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ìwé kẹta sẹ́kọ́ńdìrì ló wà. Mi ò ní kó kúrò o. Ó kàn jí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, kò wọ aṣọ ilé-ìwé, ó ní, “Màámi, ẹnì kan ní láti wa ọkọ̀.” Ọkọ̀ ojú omi ló ń wí. Ó ń kó èrò lórí ọ̀sà, òun ló sì rán Sẹ̀námì ní ilé-ìwé títí ó fi gba dìgírì. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún Sẹ̀námì ní sẹ̀tífíkéètì, Máutín jó láti etí omi títí dé ẹnu ọ̀nà wa, pẹ̀lú sòkòtò iṣẹ́ tí epo ẹ́ńjìnnì ti bò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìwé tí Sẹ̀námì fẹ́ tún lọ kà, nítorí òun ni ẹ̀rí mi dá lé. Másítàsì ni wọ́n ń pè é. Nípa ẹja ni. Mo bi í léèrè pé, “Sẹ̀námì, kí ló tún kù nípa ẹja tí ìyá ẹ ò mọ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ ààrò tí èéfín rẹ̀ kò ní máa fọ́ àwọn ìyá lójú. Ẹ ń rí ojú mi, ẹ̀yin tó jókòó níwájú. Èéfín èèpo àgbọn ló mú kó pọ́n bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ẹkún nìkan. Máutín ti fọwọ́ sí i kó tó kú. Ó ní kí Sẹ̀námì gba fọ́ọ̀mù, òun á san án.

Kò san án. Ìjì dé bá a lórí omi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti gbé àwọn èrò rẹ̀ sílẹ̀, ó ń padà bọ̀ wálé ni. Ọjọ́ kejì ni wọ́n rí i. Àwọn tó gbé e wá, mo mọ orúkọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn, Ọlọ́run á gbé wọn náà nígbà tí wọn ò bá lè rìn mọ́. Mi ò ní sọ ju ìyẹn lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo ti àpótí páànù rẹ̀ pa. Gbogbo ohun tó ní ló wà níbẹ̀. Mo fi okùn so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn mi, mo sì sọ fún gbogbo ilé pé nínú ìdílé tiwa, àwọn àgbà ló ń ṣí àpótí òkú, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án títí ọdún kan á fi pé. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, Sẹ̀námì lọ sọ́dọ̀ Délé láti fi kọ̀ǹpútà kọ orúkọ sílẹ̀ fún másítàsì náà. Délé yìí, ọmọ Èkìtì ni, òun ló ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Gbájí, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀. Fọ́tò sẹ̀tífíkéètì tó wà nínú fóònù Sẹ̀námì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ránṣẹ́. Yunifásítì gbà á! Àgbà bíi tèmi, mo fò sókè. Wọ́n ní kí ó san owó pé òun gba àyè náà. Níbo la ti fẹ́ rí i? Mo ta ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Máutín. Mo dúró síbẹ̀ tí wọ́n ń tú u kúrò lẹ́yìn ọkọ̀. Owó yẹn la kó lọ san. Wọ́n sì ti kọ ọ́ sára rìsíìtì pé owó tí a bá ti san, kò ní padà sọ́wọ́ ẹni tó san án, ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù Sẹ̀námì, ó kà á fún mi létí ààrò. Wọ́n ní kí gbogbo àwọn tó gba àyè kó orijínà sẹ̀tífíkéètì wọn wá, kí wọ́n fi ojú rí i, kí wọ́n fi ọwọ́ kàn án. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ilẹ̀kùn á tì. Ẹni tí kò bá mú tirẹ̀ wá, ó ti pàdánù àyè rẹ̀ nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì Máutín náà lọ nìyẹn.

Ẹ̀rù kò tíì bà mí o. Mo ní, “Ìyẹn nìkan? Gbé àkàsọ̀ wá.”

Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbàdàn àti Èkìtì wá ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, bóyá ẹ ò ní lóye ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àmọ́ ẹ̀yin ará etí omi á mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ohun tí a kò bá fẹ́ kí ikán jẹ, tí a kò bá fẹ́ kí omi bà jẹ́, àjà ilé ààrò la máa ń gbé e sí. Èéfín kì í jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀. Rìsíìtì ilẹ̀ tí bàbá Máutín rà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ó ti pọ́n bí ẹja, àmọ́ a ṣì lè kà á. Nígbà tí ọ̀sà kún wọlé lọ́dún kan tí Máutín ṣì wà láyé, tí omi dé orúnkún wa nínú yàrá, mo fi ọ̀rá wé sẹ̀tífíkéètì Sẹ̀námì lọ́nà mẹ́ta, mo gbé e lọ sí àjà.

Máutín rí mi. Ó ní, “Màámi, kí lẹ gbé síbẹ̀ yẹn?”

Mo ní, “Ìwé àbúrò ẹ.”

“Háà! Màámi! Ìwé kì í ṣe ẹja o!”

Mo ní, “Ta ló bí ẹ? Rìsíìtì bàbá ẹ ńkọ́? Ṣé ó jóná?”

Ó ní, “Kò jóná. Ó kù díẹ̀ kí a fi jẹ ẹ̀bà ni.”

Mo ju igi ìdáná kékeré kan sí i, ó sá, ó ń rẹ́rìn-ín. A ò tún sọ ọ́ mọ́. Mo rò pé mo ti borí.

Ẹ̀yin ará, lọ́jọ́ Ajé yẹn, mo na ọwọ́ sí àjà, mo kan ohun líle. Mo fà á wálẹ̀. Ọ̀rá náà ti yọ́. Ó ti yọ́ mọ́ ìwé náà bí awọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹran. Mo ní kí n ṣí i díẹ̀díẹ̀, gbogbo lẹ́tà bá ọ̀rá lọ. Orúkọ ọmọ mi ya sí méjì lójú mi. Ó ku igun ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn náà ti dúdú.

Sẹ̀námì kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó jókòó sórí àpáta tí a ń jókòó lé, ó gbé ìwé náà lé itan, ó ń wò ó. Àfíàvì tí a jọ ń yan ẹja ló pariwo fún wa: “Yéè! Ìyá Máutín, ẹ ti yan sẹ̀tífíkéètì!” Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló bà á tó fi sọ bẹ́ẹ̀, mi ò bínú sí i. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ inú egungun mi. Èmi ni mo ba ọmọ mi jẹ́. Kì í ṣe ọ̀tá, kì í ṣe ayé. Ọwọ́ èmi ìyá rẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kejì, a gbé e lọ sọ́dọ̀ Délé, bóyá kọ̀ǹpútà á lè tún un ṣe. Délé gbà á, ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó gbé e sábẹ́ iná. Ó wá fi ìka pa igun ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó tún pa á. Ó ní, “Màmá, ẹ mú ìka yín wá. Kí lẹ rí níbẹ̀?”

Mo ní mi ò rí nǹkan kan.

Ó ní, “Ó yẹ kí ẹ rí nǹkan. Èdìdì yunifásítì máa ń wú sókè lábẹ́ ìka, níbi gan-an yìí ló yẹ kó wà. Eléyìí tẹ́jú pẹrẹsẹ. Màmá, eléyìí kì í ṣe orijínà. Fotokọ́pì aláwọ̀ ni.” Ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, ó ń wo bébà náà, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gé lójijì bí ẹni tó rántí òkú. “Bébà tèmi rèé! Èmi ni mo ṣe é. Bùrọ̀dá Máutín ló wá ṣe é níbí. Ó ní kí n fi bébà tó nípọn jù lọ ṣe é, kí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án má mọ̀. Mo bi í pé ta ló fẹ́ tàn jẹ, ó ní, ‘Ìyá mi ni. Ó fẹ́ yan orijínà.’”

Sẹ̀námì di apá Délé mú. Ó ní, “Orijínà wá ńkọ́?”

Délé ní, “Òun ló mú un lọ. Ó ní tí òun bá sọ fún ìwọ, o ò ní lè pa á mọ́ra, màmá á gbọ́, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọjọ́ tí ìwé náà bá fẹ́ wúlò ni òun á mú un jáde.”

Ẹ gbọ́ ohun tí Máutín ṣe. Ó fi ẹ̀dà rọ́pò rẹ̀ lẹ́yìn mi, ó jẹ́ kí n máa yangàn pé mo tọ́jú ìwé. Kò fẹ́ dójú tì mí. Ọjọ́ tí ìwé náà sì wá wúlò, Máutín kò sí nílé.

Nígbà tí a ń padà bọ̀ lórí ọ̀kadà, Sẹ̀námì wà lẹ́yìn mi. A dé ilé. Lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọrùn mi. Ó ní, “Màámi. Àpótí bùrọ̀dá.”

Mo ní, “Rárá.”

“Màámi, ibẹ̀ nìkan ló lè wà.”

Mo ní, “O mọ òfin ìdílé. Ó ku oṣù mẹ́ta kí ọdún pé. Wá ibòmíràn wò.”

Sẹ̀námì kì í gbó mi lẹ́nu, bí mo ṣe tọ́ ọ nìyẹn, mo sì fi ẹ̀kọ́ yẹn pa á lẹ́nu mọ́. Lọ́jọ́rú, láti àárọ̀ dalẹ́, ọmọ yìí tú ilé. Ó tú abẹ́ ibùsùn, ó tú inú apẹ̀rẹ̀, ó tú ọkọ̀ Máutín tí kò ní ẹ́ńjìnnì mọ́ létí omi. Ó lọ bá àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnì kan kò mọ nǹkan kan. Èmi náà ń bá a wá a! Ẹ bá mi wo àgbàyà. Mò ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń gbé ìkòkò wò lábẹ́, kọ́kọ́rọ́ náà sì ń lu àyà mi. Àfíàvì gbọ́ ọ, ó ní, “Ìyá Máutín, ọrùn yín ń dún bí agogo ewúrẹ́.” Mo tì í bọ inú aṣọ.

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run, nítorí ẹ̀rí tí kò bá ní òtítọ́, ariwo ni. Kì í ṣe òfin ló ń dá mi dúró. Mo mọ ohun tó wà nínú àpótí yẹn. Aṣọ rẹ̀ ni. Tí mo bá ṣí i, òórùn rẹ̀ á jáde, á sì tán. Tí mo bá ṣí i tí mo sì rí i pé ẹrù lásán ló wà níbẹ̀, ó ti kú nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ṣì wà ní títì, ó dà bíi pé ó rin ìrìn àjò, ó fi ẹrù sílẹ̀, ó ń bọ̀. Nítorí ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì kọjá. Mo fẹ́ fi ọmọ tó wà láàyè ṣe ààbò fún àpótí.

Ọjọ́bọ̀, mo gbààwẹ̀, mo wá síbí. Ìyá Ìjọ wa, Ìyá Fọlákẹ́, ẹ̀yin náà lẹ bá mi níbẹ̀ tí mo kúnlẹ̀. Ẹ ní, “Ìyá Máutín, kí ni ká bá yín bẹ Ọlọ́run fún?” Mo ní kí Ọlọ́run fi sẹ̀tífíkéètì Sẹ̀námì hàn. Ẹ ní, “Àmín. Níbo lẹ rò pé ó wà?” Mo ní ó wà níbi tí mi ò lè dé. Ẹ wá ní, “Ṣé ibi tí ẹ ò lè dé ni, àbí ibi tí ẹ ò fẹ́ dé?” Ẹ ò mọ̀ pé ẹ ti fi ọ̀bẹ gún mi. Mo dìde, mo ní àwọn àgbà ìdílé ló ni í. Ẹ ní, “Oòrùn ṣì wà lókè. Ẹ lọ bá wọn.”

Mo bọ́ sọ́nà, mo lọ sí ìlú Apá, sọ́dọ̀ Dàágbó Húnsù, àgbà ìdílé ọkọ mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń gbàdúrà pé kí bàbá náà sọ pé rárá. Tí ó bá ti sọ pé rárá, ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn mi.

Mo bá a lábẹ́ igi àgbọn, ó ń so àwọ̀n. Mo kúnlẹ̀. Mo rò fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní, “Dàágbó, mo mọ̀ pé ọdún kò tíì pé, mo mọ̀ pé ẹ ò lè gbà.”

Bàbá náà kò gbójú sókè kúrò lára àwọ̀n. Ó ní, “Ọdún wo?”

Mo ní, “Ọdún àpótí, Dàágbó. Òfin ìdílé.”

Ó wá gbójú sókè. “Ta ló sọ fún ọ pé ọdún kan ni?”

Mo tẹjú mọ́ àwọ̀n rẹ̀.

Ó ní, “Nígbà tí ọkọ rẹ kú, ọjọ́ mélòó la fi ṣí àpótí rẹ̀?”

Mo fi ọwọ́ di kọ́kọ́rọ́ mú nínú aṣọ.

“Ìwọ yìí, tí o mọ orúkọ gbogbo ẹni tó kú láti Àjídò títí dé Apá? Tí o mọ orúkọ ẹni tó gbẹ́ sàréè wọn? O ò rántí? Ogójì ọjọ́ ni. Èmi ni mo ṣí i. Ìwọ lo gbé fìlà rẹ̀ jáde, o fi lé Máutín lórí, ó bò ó dé ojú, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní oṣù méje tí mo ti ń retí pé kí o ránṣẹ́ sí mi. Mo sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n fi ọ́ sílẹ̀, ìbànújẹ́ ṣì ń dà ọ́ láàmú. Ṣùgbọ́n má fi òfin bò ó mọ́lẹ̀, ìyàwó wa. Ìdílé yìí kò ṣe òfin yẹn. Ìwọ lo ṣe é.”

Mo bú sẹ́kún níwájú bàbá yẹn. Ó jẹ́ kí n sunkún, ó ń so àwọ̀n rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo parí, ó ní, “Sẹ̀tífíkéètì kì í ṣe ti òkú. Ti Sẹ̀námì ni. Ẹ ò nílò mi fún un. Lọ ṣí i láàárọ̀ nígbà tí ara bá balẹ̀, pè mí tí ẹ bá rí i.”

Ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀ mọ́ tán, oòrùn ti bọ́ sójú fèrèsé. Mo pe Sẹ̀námì wọ yàrá Máutín. Mo tú okùn lọ́rùn. Kọ́kọ́rọ́ kọ̀, kò wọlé. Sẹ̀námì gbé ọwọ́ lé ọwọ́ mi, a jọ yí i. Kọ́ọ́. Ó ṣí.

Òórùn epo ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà òórùn ọṣẹ tó máa ń fi wẹ̀. Mo di ojú. Mo fà á símú títí àyà mi fi kún. Mo ní, “Máutín, jọ̀ọ́, má bínú, nítorí àbúrò ẹ ni.” A kó aṣọ jáde. Ṣẹ́ẹ̀tì pupa. Sòkòtò iṣẹ́. Fìlà bàbá rẹ̀! Kò sí ìwé. Sẹ̀námì ń fi ọwọ́ wá ìsàlẹ̀, kò sí. Ẹ̀yin ará, ojú mi ṣókùnkùn. Mo ní a ti ṣí i, a ò tún rí i, mo ti pàdánù méjèèjì.

Sẹ̀námì gbé fìlà náà, ó ní ó wúwo. Inú rẹ̀ ni páálí kan wà, pẹlẹbẹ, bí irú èyí tí wọ́n ń kó bisikíìtì sí, wọ́n fi rọ́bà dè é. Ó tú u. Ìwé méjì ló wà níbẹ̀, Máutín fi bébà funfun sí àárín wọn kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra wọn. Èkíní ni sẹ̀tífíkéètì Sẹ̀námì, ó mọ́ bí ọjọ́ tí wọ́n fún un. Mo fi ìka pa igun ìsàlẹ̀. Ó wú!

Èkejì ni sẹ̀tífíkéètì praimárì síìsì ti Máutín fúnra rẹ̀. Òun nìkan ló ní. Mi ò mọ̀ pé ó tọ́jú rẹ̀. Mi ò mọ̀ rárá. Lójú mi, ọmọ tó fi ilé-ìwé sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín ni, kò dùn ún. Ó gbé méjèèjì sínú páálí kan, tirẹ̀ sísàlẹ̀, ti àbúrò rẹ̀ sórí.

Kò sí àyè láti jókòó sunkún. Sẹ̀námì gbá ìwé náà mọ́ àyà, ó bọ́ sọ́nà yunifásítì. Aago mẹ́jọ ti kọjá. Èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo gbé fóònù lé itan. Ẹja mi jóná lórí ààrò lọ́jọ́ yẹn, Àfíàvì ló bá mi kó èyí tó kù. Aago méjìlá, kò pè. Ó pè láago kan, ó ní tírélà ṣubú dí ọ̀nà, àwọn ti sọ̀ kalẹ̀, àwọn ń fi ẹsẹ̀ rìn. Aago méjì, mo pè é, kò wọlé. Aago mẹ́ta, kò wọlé. Mo kọ orin tán, mo ka Sáàmù tí mo mọ̀ tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Mò ń pe àwọn ọmọ mi tó ti lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: Sétónjì, Vìàvò, Húnpè, Máutín, ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run. Pásítọ̀, ẹ má bá mi wí. Ìyá ni mí.

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fóònù dún.

Ó ní, “Màámi.” Ó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́.

Mo ní, “Sọ ọ́.”

Ó ní, “Obìnrin tó jókòó níbẹ̀, Ìyáàfin Adénúgà, èmi ló gbẹ̀yìn lórí ìlà rẹ̀. Ó fi ìka pa á, Màámi. Ó fi ìka pa igun yẹn bí Délé ṣe pa á. Ó wá ní, ‘Ìwé yìí mọ́ o. Ta ló bá ọ tọ́jú ẹ̀?’”

Mo ní, “Kí lo sọ fún un?”

Ó ní, “Mo ní bùrọ̀dá mi ni. Ó fọwọ́ sí i, Màámi. Wọ́n ti gbà mí.”

Halelúyà! Ẹ bá mi hó o! Àfíàvì sáré jáde láti ilé ààrò, èéfín bò ó lójú, ó rò pé ẹnì kan ló tún kú. Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kú o! Kò sẹ́ni tó kú!” Mo sọ ọ́ títí ohùn mi fi ha.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Délé tó rántí bébà rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Dàágbó Húnsù tí kò gbà fún mi láti sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyá Fọlákẹ́ tó bi mí ní ìbéèrè tí mi ò fẹ́. Ìyáàfin Adénúgà, mi ò rí ọ rí, àmọ́ orúkọ rẹ ti wọ àdúrà mi. Ọlọ́run tó lo gbogbo yín, òun ni mo fi ògo fún. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tún bébà tó ti bàjẹ́ ṣe. Kò tún un ṣe. Ó ti pèsè òmíràn sílẹ̀ kó tó di pé mo bẹ̀ ẹ́, láti ọwọ́ ọmọ tí mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ láyé mi ti parí.

Mo ti sá aṣọ Máutín sóòrùn. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, Dàágbó ń bọ̀ wá pín wọn. Tí ẹ bá rí ọmọkùnrin kan ní Àjídò tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì pupa, ẹ kí i fún mi. Ìwé praimárì rẹ̀ nìkan ni mo mú, mo sì ti kàn án mọ́ ògiri pálọ̀. Kò sí lórí àjà o! Ẹ má rẹ́rìn-ín jù.

Kọ́kọ́rọ́ náà rèé lọ́wọ́ mi, ẹ wò ó. Ẹ wo ọrùn mi, kò sí okùn níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá ní èyí tó so mọ́rùn láàárín yín, kó bá mi dìde. Ẹ bá Ìyá Máutín yọ̀.